Ìwé Ló Ń Kúnlẹ̀

Ní kóòtù àwọn ọmọdé ní Ìjerò,
lẹ́yìn ọ́fíìsì ìwé ilẹ̀, lábẹ́ páànù tó ń jò,
èmi ni akọ̀wé. Ọwọ́ mi ni òǹtẹ̀ wà.
Ẹ̀bẹ̀ kan kì í dé ọ̀dọ̀ adájọ́ kó má gba ọwọ́ mi kọjá.

Ìyá àgbà Adéọtí ti kúnlẹ̀ kí n tó gbójú sókè,
orúnkún méjèèjì lórí sìmẹ́ńtì, gèlè lọ́wọ́:
“Oru mẹ́rin rèé tí ọmọ mi ò sùn ní ulé.”
Mo ní, Mọ́mì, ẹ dìde.
Níbí, èèyàn kì í kúnlẹ̀. Ìwé ló ń kúnlẹ̀.

Àwọn àgbà ní ẹ̀bẹ̀ la ń bẹ òṣìkà kó tún ìlú ṣe.
Wọn ò sọ fún wa pé ẹ̀bẹ̀ a máa ní ẹ̀dà mẹ́ta,
pé a ó tẹ̀ ẹ́, a ó fàyè sílẹ̀ láàárín ìlà àti ìlà,
a ó sọ ohun tí a ń tọrọ àti òfin tó ní ká tọrọ rẹ̀,
a ó so ìwé ìbúra mọ́ ọn nídìí bí ewúrẹ́ mọ́ èèkàn,
a ó gbé ọ̀kan fún ọlọ́pàá tó pẹjọ́,
a ó sì fún un lọ́jọ́ mẹ́ta gbáko kó fi fèsì.

Ọjọ́ mẹ́ta.
Ẹni tí kò lọ́mọ ní àtìmọ́lé ló ń pè é ní díẹ̀.

Òkúta ni wọ́n ní ó gbé, àpò kan,
òkúta elésè-àlùkò tí wọ́n ń wà lẹ́yìn ìlú.
Bóyá ó gbé e, bóyá kò gbé e,
ìyẹn kọ́ ni ìwé ẹ̀bẹ̀ ń bèèrè.
Ibi tí yóò máa sùn títí ẹjọ́ yóò fi parí ló ń bèèrè.

Èyí tí Lọ́yà Fálúyì kọ́kọ́ mú wá, mo dá a padà.
Ó kọ orúkọ ọmọ náà pé pérépéré síwájú ìwé.
Lẹ́tà méjì péré lòfin fẹ́,
kí ẹnikẹ́ni má baà rí i fi bú u
lọ́jọ́ tóun náà bá di bàbá ọmọ.
Ohun tó tọ́ ni mo ṣe.
Ohun tó tọ́ náà fi oru méjì kún oru mẹ́rin.
Mi ò lè gbé òkèlè mì lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ọmọ ọdún mélòó? Kò sí ìwé ìbí.
Ìyá ní, “Ọdún tí ìjì ṣí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì wa,
ọdún tí a ò rí usu tà.”
Bẹ́ẹ̀ náà ni mo kọ ọ́. Ìjì di ẹlẹ́rìí.
Mo kà á sí i létí lédè tó gbọ́;
ó ki àtàǹpàkò tí omi ẹ̀gẹ́ ti bó bọ inú yíǹkì,
ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé,
ó sì rọra fẹ́ atẹ́gùn sí i bí ẹni ń fẹ́ ojú ọgbẹ́ ọmọ.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, majísíréètì ní ká tilẹ̀kùn.
Kò sí ará ìta, kò sí oníròyìn.
Ọlọ́pàá bọ́ yúnífọ́ọ̀mù sílé, búbá tó ti ṣá ló wọ̀ wá;
ó wá jọ àbúrò ẹnìkan.
“A ò takò ó, Olúwa mi.”
Ó parí. Mo lu òǹtẹ̀.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ìyá ti bi mí pé
lẹ́tà méjì yẹn, ṣé ó máa ń jẹ́ni tí a bá pè é nílé?
Ilẹ̀kùn ṣí kí n tó dáhùn. Ọmọ náà yọ,
sálúbàtà ẹsẹ̀ kan ló kù lẹ́sẹ̀ rẹ̀.
Ìyá bá bẹ̀rẹ̀ sí kì í,
láti ìdí bàbá títí dé ìdí ìyá,
nínú kóòtù tí òfin ti ní ká má pe orúkọ.
Iṣẹ́ mi ni kí n dá a lẹ́kun.
Mo wúkọ́.
Mo ń wá kọ́kọ́rọ́ dúróà tí kò sọnù.
Ìwọ tí ò ń kà á, má bi mí ohun tó pè é.